Epo rọ̀bì abẹ́ ilẹ̀ yín ní Texas: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa onílẹ̀

Àwa Yorùbá tó wà ní Houston, Katy, Dallas àti àyíká wọn ti ń ra ilẹ̀ sí ìgbèríko báyìí. Éékà márùn-ún, éékà mẹ́wàá, àwọn kan fún oko, àwọn kan fún ilé tí wọ́n máa gbé lọ́jọ́ alẹ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà á dé, tàbí ẹnì kan á wá kan ilẹ̀kùn, á ní iléeṣẹ́ epo kan fẹ́ bá wọn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ará wa jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tí lẹ́tà bá dé sí lónìí má baà dá nìkan kà á. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Onílẹ̀ ni mí, mo ti fọwọ́ sí ìwé tí mi ò kà tán rí, mo sì mọ ohun tó ná mi.

Mo ra éékà mẹ́wàá, mo ti san owó rẹ̀ tán, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi kọ́ ni mo ni epo tó wà lábẹ́ rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ tiyín. Ní Texas, ilẹ̀ kan ṣoṣo lè ní olówó méjì: ẹni tó ni orí ilẹ̀, àti ẹni tó ni epo, gáàsì àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì míì tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè ta orí ilẹ̀ fún yín kó di inú rẹ̀ mú. Ó tún lè ta inú rẹ̀ fún ẹlòmíì kó sì máa gbé orí rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1901 ni epo tú jáde ní Spindletop, lẹ́bàá ìlú Beaumont. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò ta epo. Ẹ wá wo ilẹ̀ tó ti gba ọwọ́ ẹni márùn-ún kọjá láti ìgbà náà. Ẹni àkọ́kọ́ lè di ìdajì epo mú, ẹni kejì á di ìdajì ohun tó kù mú, ẹni kẹta á fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà tó bá fi máa kàn yín, ó lè ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ó lè ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó sì lè má ku nǹkan kan.

Bí ìwé tí wọ́n fi tà á fún yín kò bá sọ ohunkóhun nípa epo, ohun tí ẹni tó tà á ní nínú epo ti bá ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Àmọ́ kò lè fún yín ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní.

Kí ló dé tó fi yàtọ̀ sí ti ilé? Ṣebí ìjọba ló ni epo?

Ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni. Abala 44(3) nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì àti epo tó wà nínú ilẹ̀ tàbí omi Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ìdí rèé tí ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó fi lè máa wo iná gáàsì létí omi rẹ̀ kí iléeṣẹ́ kankan má sì mú ìwé líìsì, ìyẹn àdéhùn tí onílẹ̀ fi ń yọ̀ǹda fún iléeṣẹ́ láti wa epo, wá fún un. Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo. Ìlú ló ń gba ìyẹn, kì í ṣe onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Texas náà rí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó wà lábẹ́ Spain, tó tún wà lábẹ́ Mexico, ìjọba ló ni ohun inú ilẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1866 ló tú u sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn ilẹ̀ kan wà, pàápàá ní ìwọ̀-oòrùn Texas, tí ìjọba ìpínlẹ̀ tà láàrin ọdún 1895 sí 1931 tó sì di epo wọn mú. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ni epo, onílẹ̀ ló ń bá iléeṣẹ́ dúnàádúrà lórúkọ ìjọba, wọ́n á sì pín owó rẹ̀ sọ́gbọọgba. General Land Office, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba, ló ń bójú tó o. Bí ilẹ̀ yín bá wà lọ́nà Midland tàbí Pecos, ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun míì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ni ín gan-an?

Ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì, ìyẹn county clerk, ní káúńtì tí ilẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwé títà àti rírà ilẹ̀ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tiyín, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wá ni “reserve”, “save and except”, “less and except”. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹnì kan ti di nǹkan mú níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́. Ẹ lè san owó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó máa ń ya àwọn ará wa lẹ́nu jù ni pé ìwé àdójútòfò tí iléeṣẹ́ title, àwọn tó ń yẹ ìtàn ìwé ilẹ̀ wò, fún wọn nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ kì í sábà fọwọ́ sọ̀yà lórí epo. Ẹ ṣí i wò: ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti yọ ohun àlùmọ́ọ́nì kúrò.

Ẹnì kan wá sílé mi, ó ní landman lòun, ó gbé ìwé kalẹ̀ pé kí n fọwọ́ sí i. Ta ni?

Òun ni iléeṣẹ́ epo ń rán jáde láti yẹ ìwé ilẹ̀ wò kó sì gba ìfọwọ́sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọlúàbí, wọ́n sì mọ ìtàn ilẹ̀ yín ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Àmọ́ iléeṣẹ́ ló ń sanwó fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ilẹ̀ yín ní owó tó kéré jù tẹ́ ẹ bá lè gbà.

Ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un lómi mu, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ máa pè é. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Àṣà wa ni pé ojú máa ń tì wá láti dá àlejò padà lọ́wọ́ òfo, pàápàá tó bá fẹ̀rín músẹ́, tó sì ti fi wákàtí kan jókòó nínú pálọ̀. Ohun tó mú èmi náà nìyẹn. Wíwá tó wá gan-an jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ yín wúlò fún wọn; wọn ò ní sá lọ nítorí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ tún wo orí ìwé náà. Tẹ́ ẹ bá rí “Producers 88” níbẹ̀, wọ́n lè sọ fún yín pé ìwé tí gbogbo ayé ń lò ni, kò sí ohun tó ṣeé yí padà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn wà lórí oríṣiríṣi ìwé tí ohun inú wọn ò dọ́gba, iléeṣẹ́ ló sì máa ń kọ wọ́n. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló ṣeé dúnàádúrà.

Kí ló yẹ kí n wò nínú ìwé líìsì?

Ìbéèrè yìí ló gba àkókò jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Owó méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni bonus, owó tí wọ́n ń san lórí éékà kọ̀ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ síwèé. Òun ni gbogbo ojú ń wò torí pé òun ló ń tètè wọlé. Èkejì ni royalty, ìpín yín nínú gbogbo epo àti gáàsì tó bá jáde, láì jẹ́ pé ẹ dá kọ́bọ̀ sínú gbígbẹ́ kànga. Royalty ló ń pẹ́ lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni wọ́n máa ń fún èèyàn, àwọn ìwé kan ṣì ń gbé e wá bẹ́ẹ̀ dòní. Níbi tí iléeṣẹ́ ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìdá kan nínú márùn-ún títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ni àwọn onílẹ̀ ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní éékà 10 lẹ ní, ẹ sì ni gbogbo epo rẹ̀. Iléeṣẹ́ kò ní gbẹ́ kànga fún éékà 10 nìkan. Wọ́n á pa ilẹ̀ yín pọ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò, ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ éékà 640. Ká ní kànga náà mú 10,000 àgbá epo jáde lóṣù, wọ́n sì ta àgbá kan ní dọ́là 70. Dọ́là 700,000 nìyẹn. Tí royalty bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, tiyín jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 1,367. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, ó di 2,187. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó di 2,734. Kànga kan náà, oṣù kan náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ìwé ló fi ìlọ́po méjì sáàárín wọn. Tó bá sì jẹ́ pé ìdajì epo ni tiyín, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Ẹ má sì rò pé báyìí ni á ṣe máa wọlé títí: àwọn kànga tí wọ́n ń fọ́ àpáta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí epo tó jáde máa ń mú púpọ̀ wá lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á sì já wálẹ̀ gan-an kí ọdún kan tó pé.

Lẹ́yìn owó, ẹ wo ọdún. Líìsì máa ń ní sáà àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ yín. Àmọ́ tí epo bá ti ń jáde, líìsì kò tán mọ́ títí epo á fi dáwọ́ dúró. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà tó fún wọn láṣẹ láti fa ọdún gùn nípa sísan owó díẹ̀ míì. Tẹ́ ẹ bá gbà á, kí owó rẹ̀ má kéré sí ti àkọ́kọ́.

Kànga kan ṣoṣo ní igun kan ilẹ̀ yín lè di gbogbo ilẹ̀ náà mú fún ogójì ọdún. Ohun tó ń dènà èyí ni Pugh clause. Ó sọ pé ilẹ̀ tí kò sí nínú ohun tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ kànga gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀ nígbà tí sáà àkọ́kọ́ yẹn bá pé. Ẹ béèrè kó kan jíjìn náà, pé ìpele ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n gbẹ́ dé náà á padà. Nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, kò sí i. Iléeṣẹ́ náà ń fa epo lábẹ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ mi, mi ò sì lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí ìyókù.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń fara pamọ́: shut-in. Tí kànga gáàsì bá wà ní ìmúrasílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì rí ọjà rẹ̀ tà, wọ́n lè tì í pa kí wọ́n máa san owó kékeré lọ́dọọdún, líìsì á sì máa wà láàyè. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ lápapọ̀.

Ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ da omi iyọ̀ láti kànga ibòmíì sí ilẹ̀ yín. Wọ́n nílò ìyọ̀ǹda onílẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ má fi ṣe ọ̀fẹ́.

Wọ́n ń yọ owó kúrò nínú royalty mi. Ṣé ó bófin mu?

Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló máa dáhùn. Lẹ́yìn tí epo tàbí gáàsì bá jáde, owó wà fún fífọ̀ ọ́ mọ́, fífún un nínú páìpù, gbígbé e dé ọjà. Tí ìwé yín bá sọ pé iye tó jẹ́ “at the well” ni wọ́n á fi ṣírò royalty, iléeṣẹ́ á yọ ìpín yín nínú àwọn owó yẹn. Ní ọdún 1996, àwọn onílẹ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas. Ìwé wọn tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n má yọ owó kankan, síbẹ̀ wọ́n pàdánù, torí pé “at the well” wà nínú ìwé kan náà, òun ló sì borí. Lọ́dún 2015, ìdílé kan gbé iléeṣẹ́ epo Chesapeake lọ sílé ẹjọ́ kan náà wọ́n sì jàre, nítorí pé ìwé tiwọn kọ ọ́ yékéyéké pé ìpín àwọn gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé ẹ sanwó fún agbẹjọ́rò tó mọ òfin epo, kì í ṣe ẹni tó bá yín ṣe ìwé ìwọ̀lú. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Mi ò ni epo kankan lábẹ́ ilẹ̀ mi. Ṣé wọ́n lè wá gbẹ́ kànga sí oko mi láì gbàṣẹ lọ́wọ́ mi?

Ó dùn mí láti dáhùn rẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Texas fi ẹni tó ni inú ilẹ̀ ṣíwájú ẹni tó ni orí rẹ̀. Ó lè lo ìwọ̀n orí ilẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu láti fi wa epo rẹ̀: kó la ọ̀nà, kó gbé ẹ̀rọ wá. Kò sì sí òfin Texas kankan tó fi dandan lé e pé kó sanwó ohun tó bà jẹ́ fún yín bí kò bá kọjá ààlà. Oklahoma ti ní òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1982. Texas kò ní.

Ohun tẹ́ ẹ lè dì mú wà. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas dá ẹjọ́ àgbẹ̀ kan àti iléeṣẹ́ Getty Oil. Àgbẹ̀ náà ń fi ẹ̀rọ tó ń yí lórí táyà bomi rin oko rẹ̀; ẹ̀rọ tí Getty fi ń fa epo ga jù, ẹ̀rọ omi kò lè kọjá. Ilé ẹjọ́ sọ pé tí onílẹ̀ bá ti ń lo ilẹ̀ rẹ̀ fún nǹkan tẹ́lẹ̀, tí iléeṣẹ́ sì ní ọ̀nà míì tó bọ́gbọ́n mu láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó yẹ kó fàyè gba onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀ ni “tẹ́lẹ̀”. Ilé tẹ́ ẹ ní lọ́kàn láti kọ́ kò kà. Kànga omi, ọgbà ewúrẹ́, ilé tó ti wà nílẹ̀ ló kà. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ọjọ́ sì hàn lára wọn.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á gbà láti bá yín kọ àdéhùn lórí orí ilẹ̀, torí pé wọn ò fẹ́ wàhálà. Ẹ sọ ibi tí ọ̀nà máa gbà, iye ẹsẹ̀ bàtà tí kànga máa fi jìnnà sí ilé àti sí kànga omi, owó ohun ọ̀gbìn tó bá bà jẹ́, irú géètì tí wọ́n máa fi sí i àti ẹni tó máa tì í, bí ilẹ̀ á ṣe rí nígbà tí wọ́n bá lọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní kọ́bọ̀ nínú epo, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà tó ní òkúta tó ṣì ń fi wọ oko rẹ̀ dòní.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á, tó bá ni epo rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò ní lo orí ilẹ̀ láti fi wà á. Kànga òde òní lè bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíì kó sì yíwọ́ lábẹ́ ilẹ̀ dé abẹ́ tiyín, torí náà kò pàdánù epo rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe lè sún mọ́ ilé mi tó?

Ó dá lórí bóyá ẹ wà nínú ìlú tàbí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn ìlú kan ní òfin tiwọn. Fort Worth, fún àpẹẹrẹ, ní kí kànga gáàsì jìnnà tó 600 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé. Àwọn ará Denton dìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 láti fòfin de fífọ́ àpáta fún gáàsì nínú ìlú wọn pátápátá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe òfin HB 40 tó gba agbára yẹn lọ́wọ́ àwọn ìlú, òfin Denton sì dópin. Ìlú ṣì lè sọ̀rọ̀ lórí ariwo, iná, ọkọ̀ àti bí kànga ṣe jìnnà tó, àmọ́ kò lè dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìlú, ní abẹ́ káúńtì lásán, ààbò tẹ́ ẹ ní ni èyí tẹ́ ẹ bá kọ sínú àdéhùn.

Omi kànga la ń mu. Kí ni ká ṣe?

Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ pe iléeṣẹ́ àyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n wá bu omi náà fúnra wọn. Ẹ ní kí wọ́n wo iyọ̀, gáàsì méténì, benzene àti àwọn ohun tó dà bíi wọn. Ẹ pa èsì rẹ̀ mọ́. Láìsí èsì àkọ́kọ́ yìí, bí omi bá yí padà lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á sọ pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní lè já wọn nírọ́. Bó bá yí padà lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí Railroad Commission of Texas.

Railroad? Ṣé àwọn tó ń mójú tó rélùwéè ni?

Ọdún 1891 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún rélùwéè. Láti 2005 ni kò ti ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú rélùwéè mọ́. Epo àti gáàsì ló ń bójú tó, orúkọ ló kàn kù. Ẹni mẹ́ta tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ló ń darí rẹ̀.

Lórí ìkànnì wọn, àwòrán ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ wá ilẹ̀ yín níbẹ̀: ẹ máa rí gbogbo kànga tó wà ní àyíká, tuntun àti àtijọ́, àti ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ti gbà láti gbẹ́ òmíràn. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé àṣẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láàárín máìlì méjì sí yín, ẹ mọ̀ pé owó tí landman ń pè fún yín kò tíì tó.

Bí mo bá kọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n lè fipá mú mi?

Ní Texas, ó ṣòro. Òfin tó lè fi ipá pa ilẹ̀ pọ̀ wà láti 1965, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lò ó. Kíkọ̀ sì ní ewu tirẹ̀. Epo kò mọ ààlà. Bí aládùúgbò yín bá gbẹ́ kànga sí ibi tí òfin fàyè gbà, tí epo abẹ́ ilẹ̀ yín sì ṣàn lọ síbẹ̀, ó di tirẹ̀. Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé fífọ́ àpáta ló mú un ṣàn. Òfin ìpínlẹ̀ ní kí kànga fi 467 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ààlà líìsì, àmọ́ iléeṣẹ́ lè tọrọ ìyàtọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ dúnàádúrà dáadáa dípò kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn.

Epo náà jẹ́ ogún. Bàbá wa ló ni ín, a sì jẹ́ márùn-ún, méjì wà ní Ìbàdàn. Ṣé gbogbo wa ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò?

Rárá, ibí yìí ló sì ti yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹbí tí a mọ̀. Nílé, ẹnì kan kò lè dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó yẹ. Ní Texas, ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin márààrún lè fọwọ́ sí líìsì fún ìpín tirẹ̀, iléeṣẹ́ sì lè fi ìfọwọ́sí ẹnì kan yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tí kò fọwọ́ sí i á gba ìpín wọn nínú èrè lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ bá ti yọ gbogbo owó tó ná. Ìyẹn lè pẹ́ gan-an. Torí náà, ẹ pe ara yín lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé, kẹ́ ẹ sì jọ gba iye kan náà.

Ìwé ogún tí ilé ẹjọ́ Ìbàdàn fún yín kò tó fún ilẹ̀ tó wà ní Texas. Ó ní ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé níbí kí orúkọ yín tó wọ ìwé káúńtì. Fún àwọn méjì tó wà nílé, tí wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí wọn ò sì gbé ibí, iléeṣẹ́ á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí kó tó sanwó, torí pé Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí láàárín ara wọn. Fọ́ọ̀mù W-8BEN ni wọ́n máa kọ.

Kànga ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà wo ni owó máa dé?

Iléeṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ń jẹ́ division order, tó sọ ìpín yín ní nọ́ńbà tó gùn, irú bíi 0.00312500. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: éékà yín, pín in sí gbogbo éékà tí wọ́n pa pọ̀, fi royalty sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ sì tún fi ìpín yín nínú epo sọ ọ́ di púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ kò bá jẹ́ tiyín. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 120 lẹ́yìn òpin oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ ta epo láti san owó àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá kó lọ ilé míì, ẹ sọ fún wọn. Owó royalty tí wọn ò bá rí ẹni tó ni ín á bọ́ sọ́wọ́ Comptroller, ọ́fíìsì tó ń mójú tó owó ìpínlẹ̀, ẹ sì lè fi orúkọ yín wá a lórí ìkànnì rẹ̀ láì san nǹkan kan. Ẹ bá mi wá orúkọ àwọn òbí yín náà.

Owó orí ńkọ́?

Texas kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún èèyàn, àmọ́ ó ń yọ ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo àti 7.5 lórí gáàsì, ìpín tiyín sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń gba tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù 1099-MISC, tó sọ iye tí iléeṣẹ́ san fún yín, ni ẹ máa rí. Ẹ má gbàgbé láti yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin fún ẹni tó ń gba royalty láàyè láti yọ, torí pé epo ń tán. Ọ̀pọ̀ tó ń fúnra wọn ṣe owó orí kì í rántí rẹ̀. Káúńtì náà á sì fi owó orí dúkìá lé epo náà lórí tó bá ti ń jáde.

Lẹ́tà kan dé pẹ̀lú sọ̀wédowó nínú rẹ̀, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ra epo mi. Ṣé kí n lọ fi sí báńkì?

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ka ìwé tó bá a wá lójú méjèèjì. Líìsì àti títà kì í ṣe ohun kan náà: líìsì ń padà, títà kì í padà. Mo ti rí ìwé tí orí rẹ̀ jọ ti líìsì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ta gbogbo rẹ̀ títí láé. Ẹni tó bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wo àwòrán ilẹ̀ Railroad Commission kó tó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wò ó.

Páìpù irin àtijọ́ kan yọ sókè nínú ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà. Ṣé ó léwu?

Ó lè jẹ́ kànga tí wọ́n pa tì láì dí i. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Texas, àwọn míì sì ń jò sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ wá a lórí àwòrán kan náà, ẹ wo bóyá wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti dí i, àti iléeṣẹ́ tó ni ín. Tí iléeṣẹ́ náà kò bá sí mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ètò láti dí i, àmọ́ àwọn tó ń dúró pọ̀. Ẹ má kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má tanná sún mọ́ ọn, ẹ sì ní kí ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà yanjú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.